Omíyalé Agbẹ́kànga àti Ọba Tí Kò Ní Ìyá

Bí àwọn àgbà ìlú bá wọlé tọ abiyamọ wá, tí wọ́n bá ọmọ lẹ́nu ọmú, tí wọ́n wò ó títí, tí wọ́n wá ní, "Ìyá, ẹ kú oríire, èyí tí ẹ gbé lọ́wọ́ yìí kì í ṣe ọmọ yín mọ́, òrìṣà ni," ṣé ẹkún ni ó yẹ kí ó sun ni, àbí ijó ni ó yẹ kí ó jó? Láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí ni mo ti ń rò ó. Mo ti rò ó nídìí ààrò, mo ti rò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, n kò sì tíì rí ìdáhùn. Ìdáhùn tí Omíyalé fún un nìkan ni mo lè sọ.

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí yanrìn ṣì ń rìn bí agbo màlúù, tí òkè tó wà níwájú ilé lónìí lè wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́la, ìlú ńlá kan wà láàárín aṣálẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Odòkú. Odò kan ti ṣàn níbẹ̀ rí kí ó tó kú, orúkọ òkú odò náà ni ìlú sì jogún. Àwọn ọba ibẹ̀, tí à ń pè ní Olódòkú, kì í ṣe ènìyàn lójú àwọn ará ìlú. Òrìṣà ni wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn kì í kan yanrìn, èjìká ni wọ́n ń gbé wọn lé láti ìkókó. Ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ tí a sọ wọ́n nílé. Wọn kì í sì í ní ìyá, nítorí òfin Odòkú ni pé òrìṣà kì í ní ìyá.

Ìdílé mẹ́ta ló ti jẹ níbẹ̀. Ìdílé Oòrùn ló kọ́kọ́ jẹ, Ìdílé Afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé e, Ìdílé Iyọ̀ ló wà lórí oyè nígbà tí mò ń wí yìí. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló so ọba kan pọ̀ mọ́ èkejì nínú ìdílé, àmì tí wọ́n fi ń mọ òrìṣà ni. Kì í sì í ṣe ogun ló ń gba oyè lọ́wọ́ ìdílé kan fún òmíràn. Kànga ni. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní kànga ọba tirẹ̀, inú rẹ̀ ni gbogbo ìlú ti ń pọn omi mímu. Bí kànga náà bá gbẹ, òrìṣà tó wà lórí oyè gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ pe omi padà. Wọn á wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, wọn á fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ọ̀sán gangan nígbà tí oòrùn bá wo ìsàlẹ̀ kànga, ogójì ọkùnrin á sì gbé òkúta dé e lórí. Níbòmíràn, ọba a máa wàjà. Ní Odòkú, ọba a máa wọ kànga. Lẹ́yìn náà ni wọn á gbẹ́ kànga mìíràn, tí ìdílé mìíràn á bẹ̀rẹ̀. Òkúta tí a bá ti fi dé òrìṣà, a kì í ṣí i láéláé. Àwọn arọ́kìn ìlú a máa ròyìn pé ọba Afẹ́fẹ́ tó wọ kànga ga ju igi ọ̀pẹ lọ, pé ẹ̀rín ló ń rín bí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ní àkókò Ìdílé Iyọ̀ ni Omíyalé gbé ayé, ọmọ agbẹ́lẹ̀-kan-omi, a-fetí-lélẹ̀-mọ-ibi-omi-sùn, obìnrin tí ń wọ ihò bí ẹni ń wọ yàrá ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò bí ọkùnrin, ó sì kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí bàbá kú, kò sí agbẹ́kànga mìíràn ní Odòkú tó lè dé ibi tí ó ń dé. Ajíbóyè ọkọ rẹ̀ ló ń di okùn mú lẹ́nu kànga. Aláwàdà ni ọkùnrin náà. Nígbàkúgbà tí ó bá fà á gòkè, á bi í léèrè bóyá àpò iyọ̀ lòun fà ni àbí ìyàwó, Omíyalé náà á ní bí ó bá wúwo jù fún un, kí ó lọ fẹ́ ìyẹ́ adìẹ.

Ọmọ méjì ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí ẹ̀kẹta, tí wọ́n sọ ọ́ ní Dúrójayé. Ọjọ́ kẹsàn-án tí Omíyalé bí i ló padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí kànga àdúgbò wọn ti ya lulẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè tún un ṣe. Ẹnu ihò ló ti ń fún ọmọ lọ́mú, òógùn àti erùpẹ̀ oníyọ̀ láyà rẹ̀.

Ọjọ́ ogójì ọmọ náà kò tíì pé tán tí Olódòkú tó wà lórí oyè fi kú ikú àgbà. Abọrẹ̀ Adégorò, olórí àwọn tí ń bọ òrìṣà ìlú, gbé igbá iyọ̀ kiri ilé gbogbo tí ọmọ tuntun wà. Àmì Ìdílé Iyọ̀ kò ju èyí lọ: wọn á fi iyọ̀ sí ahọ́n ọmọ, èyí tí kò bá sunkún, òrìṣà ni. Nígbà tí wọ́n fi í sí Dúrójayé lẹ́nu, ó lá a, ó pọ́n ètè, ó tún ya ẹnu fún òmíràn. Gbogbo ilé hó. Omíyalé wo àyà ara rẹ̀. Ó mọ ìdí tí iyọ̀ kò fi ṣàjèjì sí ọmọ náà. Bí ó bá sì sọ ọ́, ó ti sọ pé òrìṣà kì í ṣe òrìṣà, ikú sì ni èrè ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè, pé ṣé wọn á jẹ́ kí òun máa wá fún un lọ́mú. Wọ́n ní òrìṣà kì í mu ọmú ènìyàn, wàrà ràkúnmí ni yóò máa mu. Wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì pè é ní Olódòkú Iyọ̀kìírà.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Omíyalé ń rí i, ní ọjọ́ ọdún ìlú, lórí èjìká àwọn ọkùnrin mẹ́rin, òun náà a sì kúnlẹ̀ nínú yanrìn bí gbogbo ayé. Àwọn yòókù ń wo adé. Ọrùn ọmọ náà lòun ń wò, bóyá ó rù. Ó ń fetí sílẹ̀ bóyá yóò wúkọ́. Bí ó bá délé, á máa bi ọkọ rẹ̀ pé ṣé ó rò pé wọ́n ń jẹ́ kí Dúrójayé sùn dáadáa, Ajíbóyè á sì rọra bẹ̀ ẹ́ kí ó má pe orúkọ yẹn sókè, nítorí ògiri létí.

Ní ọdún kẹfà náà, oyin ló kọ́kọ́ kó kúrò ní ìlú. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ràkúnmí bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ẹnu kànga ọba, wọn á gbọnrí, wọn á yí padà. Ibi tí omi ń tẹ̀ lára okùn ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di ọjọ́ kan tí korobá mú ẹrẹ̀ wá, tí ó sì di ọjọ́ kejì tí ó mú eruku wá. Kò sí ẹni tó pariwo. Àwọn ènìyàn kàn ń wo ààfin, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án.

Òfin ní kí agbẹ́kànga kọ́kọ́ wọ kànga náà fún ọjọ́ méje láti wá omi sísàlẹ̀. Bí kò bá rí i, ní ọjọ́ keje ni yóò pa ojú ìtẹ̀sẹ̀ rẹ́, ìyẹn àwọn ihò kéékèèké tí a ń dá sára ògiri láti fi gun kànga, kí ẹni tó bá wọlé má lè jáde mọ́. Ọba á wọlé ní ọjọ́ kẹjọ. Ẹ wá wo àṣìṣe tí ó jẹ́ pé àwọn ará Odòkú nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀. Ta ni wọ́n rán níṣẹ́ náà? Omíyalé ni. Wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ sọ pé òrìṣà kì í ní ìyá, wọ́n sọ ọ́ títí ó fi wọ̀ wọ́n lára, kò sì sí ẹnì kan ní ìgbìmọ̀ tó rántí pé kò yẹ kí a rán obìnrin yìí.

Omíyalé kò jiyàn. Ó so okùn mọ́ra, ó wọlé.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, eruku ni. Ní ọjọ́ karùn-ún, yanrìn tó wà ní ìhà ìlà oòrùn tutù díẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó mọ ohun tó wà níhà ibẹ̀: kànga Ìdílé Afẹ́fẹ́ pẹ̀lú òkúta rẹ̀, lẹ́yìn òkè yanrìn kan, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án lọ, nítorí àwọn agbẹ́kànga ìgbàanì ti tẹ̀ lé ìṣàn omi kan náà. Ó gbẹ́ ihò gba ibẹ̀ lọ, ó ń fi ikùn wọ́, Ajíbóyè ń fa yanrìn sókè láìmọ ibi tí ó ti ń wá. Ní ọjọ́ kẹfà, ògiri jìn sínú, ọwọ́ rẹ̀ sì bọ́ sínú omi.

Omi ni, kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ó tutù, ó sì mọ́. Ó ti padà wá láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Kò sí ẹni tó ṣí òkúta wò. Nígbà tí ojú Omíyalé mọ́ òkùnkùn, ó rí ọba Afẹ́fẹ́ lórí pèpéle yanrìn. Egungun itan rẹ̀ kò gùn ju apá òun láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọwọ́ lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró kan wà níbi tí ọrùn rẹ̀ ti wà rí. Lára ògiri, àpá ìka ọwọ́ wà, ó pọ̀, ó sì dúró níbi kan, níbi tí ọwọ́ ọmọdé tó bá nà gan-an lè dé. Kò sí èyí tó ga jù bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ kúnlẹ̀ fún Abọrẹ̀ Adégorò. Ó ní, "Bàbá, mo ní ìbéèrè. Bí omi bá wà lábẹ́ òkúta Afẹ́fẹ́ ńkọ́?"

Abọrẹ̀ gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló wo abẹ́ òkúta?"

"Ẹnikẹ́ni ò wò ó, Bàbá. Ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Àgbàlagbà náà kò bínú. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń la nǹkan yé ọmọ ilé. Ó ní, "Omíyalé, fetí sílẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, ti òrìṣà tó wọ ibẹ̀ ni. Bí a bá ṣí òkúta náà, tí a sì bá omi, ìlú á bèèrè ọjọ́ tí omi ti wà níbẹ̀. Àwọn tí òùngbẹ pa ènìyàn wọn láyé bàbá mi á bèèrè ìdí tí a kò fi wò ó. Ìbéèrè kan á bí èkejì, kò sì sí ìlú tó lè gbé orí ìbéèrè dúró. Òrìṣà kan ló ń lọ. Ìlú ló ń kù. Ẹni tó bá fọwọ́ kan òkúta, inú yanrìn ni a ó rì í sí dé ọrùn, a ó sì fi í fún oòrùn."

"Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta sí i nígbà náà."

"Ọjọ́ méje ni òfin wí."

"Bàbá, ọmọ ọdún mẹ́fà ni."

Abọrẹ̀ wò ó, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò yé e lóòótọ́. "Ta ni ọmọ ọdún mẹ́fà?"

Ẹ̀rù tó ba Omíyalé ní ìgbà yẹn ju ti egungun lọ. Ó ní, "Kò sí, Bàbá." Ó dìde, ó lọ.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́nu kànga kí ó tó wọlé ní ọjọ́ keje. Ajíbóyè kò rí àwàdà kankan ṣe. Ó ní ogójì ọkùnrin ló gbé òkúta Afẹ́fẹ́, òun àti àwọn àbúrò òun méjì péré ló sì wà.

"N kò ní kí ẹ gbé e," ni Omíyalé wí. "Lọ́la lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo ìlú bá dojú bolẹ̀ níbi kànga ọba, ẹ wa yanrìn abẹ́ etí òkúta náà. Kí ó gba èjìká ọmọdé. Bí ẹ bá wà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, òkúta á rì."

"Ìwọ ńkọ́, Ìyá Dúró?"

"Ẹ mú un jáde ná. Bí ìlú bá rí i, ṣé wọn ò ní wá gbé òkúta fún mi ni?"

Àṣà kan wà tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Agbẹ́kànga tó bá pa ojú ìtẹ̀sẹ̀ kànga ọba rẹ́, a kì í wò ó bí ó ti ń jáde, nítorí wọ́n ní erùpẹ̀ ikú wà lára rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló ń kẹ̀yìn sí i. Omíyalé pa ojú ìtẹ̀sẹ̀ náà rẹ́ lóòótọ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí àwọn olórí ìlú kẹ̀yìn, ohun tí Ajíbóyè fà jáde ni àpò yanrìn tí ìyàwó rẹ̀ ti fi ìró ara rẹ̀ wé. Ó gbé e lé èjìká, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ó ti ń lọ, pé, "Ìyá yìí, o wúwo lónìí o," omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tó yíjú wò.

Obìnrin náà kù sábẹ́ ilẹ̀. Ó lo gbogbo àkókò tó kù fún dídá ojú ìtẹ̀sẹ̀ tuntun sí ògiri kànga Afẹ́fẹ́, òkè ibẹ̀ sì tó ìdúró ọkùnrin mẹ́fà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹjọ, oòrùn dúró ṣánṣán lórí kànga ọba. Wọ́n gbé Olódòkú Iyọ̀kìírà wá nínú aṣọ funfun. Abọrẹ̀ ki oríkì rẹ̀, ó ní, "Iyọ̀ tí kì í rà, ọmọ tí kò sunkún, lọ pe omi wá fún wa." Ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e pé ṣé yóò dúró de òun. Ọkùnrin náà so okùn mọ́ ọn lára. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, okùn náà padà wá lófìfo, òkúta sì bo ojú kànga pẹ̀lú ìró kan tí àwọn tó gbọ́ ọ kò gbàgbé títí wọ́n fi kú. Gbogbo ìlú dojú bolẹ̀.

Nínú òkùnkùn, ọwọ́ kan di ọmọ náà mú. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù nígbà tí ó dàgbà. Ó ní òun fẹ́ ké, ohùn kan sì wí pé, "Dúrójayé, má bẹ̀rù." Òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó béèrè pé ta ni Dúrójayé. Ohùn náà ní, "Ìwọ ni. Èmi ni mo sọ ọ́. Èmi ni ìyá rẹ." Wọ́n fi ikùn wọ́ gba inú ihò tóóró kan, wọ́n bọ́ sínú omi, omi náà sì ti ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀, nítorí ògiri tó jìn ti là á lójú, ó ń ru sókè. Obìnrin náà so ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró mọ́ ọn lọ́rùn, ó ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ni. Ó gbé e lé èjìká bí wọ́n ti ń gbé òrìṣà, ó fi ọwọ́ rẹ̀ kan ihò àkọ́kọ́, ó ní kí ó máa gùn.

Ó ní bí òun ti ń gùn ni ìyá òun ń kà á láti ìsàlẹ̀: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tí ó dé ogún, ó fẹ́ wo ẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ ní, "Má wo ìsàlẹ̀, ọmọ mi. Wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé." Ó gùn ún títí. Ní ọgbọ̀n, kò gbọ́ kíkà mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ka ìyókù dé márùndínlógójì, nígbà tí ọwọ́ bàbá kan tí kò mọ̀ rí fà á jáde lábẹ́ òkúta.

Àwọn ará ìlú ṣì dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Olódòkú ni, ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lórí yanrìn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, ìlẹ̀kẹ̀ ọba Afẹ́fẹ́ ń mì lọ́rùn rẹ̀. Abọrẹ̀ ní òkú ni, kí ẹnikẹ́ni má wò ó. Arúgbó kan tó wà nítòsí wo ilẹ̀ lẹ́yìn ọmọ náà, ó ní, "Òkú wo ni aṣọ rẹ̀ ń kán omi báyìí? Adégorò, wo ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Yanrìn tutù."

Ọmọ náà dúró láàárín wọn. Ó sọ ohun tí òrìṣà kankan kò sọ rí ní Odòkú. Ó ní, "Ìyá mi wà nínú omi. Ẹ wá bá mi gbé òkúta."

Wọ́n sáré. Ó ju ogójì lọ, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n fi èékánná gbé òkúta Afẹ́fẹ́ kúrò. Omi ti dé ibi tí ènìyàn lè nawọ́ kàn. Ajíbóyè wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀meje, kò rí i.

Báyìí ni Omíyalé ṣe lọ, akọni tó bá òrìṣà jà láìgbé idà. Láti ọjọ́ náà, ọba kò wọ kànga mọ́ ní Odòkú, nítorí òrìṣà tó ń sunkún ìyá rẹ̀ lójú gbogbo ayé, kò sí ẹni tó lè tún gbé e lé èjìká. Dúrójayé kò jẹ ọba. Iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ló kọ́. Àwọn ará ìlú gé òkúta náà sí méjì, wọ́n fi ṣe ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí a ń pè ní Kànga Omíyalé, ibẹ̀ ni àwọn abiyamọ ń jókòó sí fún ọmọ lọ́mú bí wọ́n ti ń dúró de korobá wọn. Òfin sì wà pé a kò gbọ́dọ̀ fi òkúta dé kànga náà láé.

Bí wọ́n ti sọ ìtàn yìí fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé nìyẹn, pé omi ló yára jù fún un, pé díẹ̀ ló kù kí ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ gùn jáde. Ọjọ́ pẹ́, mo ti di ìyá ọmọ, kí n tó gbọ́ ohun tí wọ́n rí nínú kànga náà ní ọdún kan tí omi rẹ̀ fà. Ojú ìtẹ̀sẹ̀ márùndínlógójì ṣì wà lára ògiri. Èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí èjìká obìnrin dé, wọ́n sún mọ́ra gan-an, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gbà ju ìka ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà lọ.